Ìyá Eku àti Yàrá Àwọn Aboyún

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i nílé iṣẹ́ ìwádìí wọn, ó na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n padà lọ bọ́ bàtà. Mo ti bọ́ tèmi, mo ti wọ bàtà rọ́bà tí wọ́n fún mi ní ìloro, ṣùgbọ́n ó ní níbi tí mo ti ń pààrọ̀ wọn ni mo ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tí gbogbo ayé ń tẹ̀. Ó ní àwọn tó wà nínú yàrá yìí kì í ṣe ẹran lásán, aboyún ni wọ́n. Kò jágbe mọ́ mi. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọ tó fẹ́ràn wí. Nígbà tí mo tún un ṣe tí mo wọlé, mo bá a níbi tó ti ń bi eku funfun kan léèrè bóyá ó sùn dáadáa. Ìyá Eku ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé orúkọ náà ń gún un lọ́kàn, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò bí ọmọ kankan.

Ilé gbọọrọ kan lẹ́yìn ọ́fíìsì ni ilé àwọn ẹran náà. Àwọn akọ eku ní yàrá tiwọn, àwọn abo tí kò tíì gba akọ ní tiwọn, yàrá tó wà nípẹ̀kun sì jẹ́ ti àwọn tó lóyún. Wọ́n kọ YÀRÁ ABOYÚN sára ilẹ̀kùn rẹ̀ gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé obìnrin tó bá lóyún kò gbọdọ̀ wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé aboyún nìyí tí aboyún kò gbọdọ̀ wọ̀.

Ìdí ìkìlọ̀ yẹn ni kẹ́míkà kan tí àwọn àgbẹ̀ ń fi pa irúgbìn lára kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ nínú ilẹ̀. Irúgbìn gbígbìn ni, kì í ṣe jíjẹ, ṣùgbọ́n ebi kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò. Àwọn ìdílé kan a fọ̀ ọ́, wọn a sè é, wọn a fún aboyún ilé jẹ. Dókítà tó ni iṣẹ́ náà fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí: nínú ohun tí abo tó lóyún bá gbé mì, báwo ló ṣe pọ̀ tó tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, báwo ló ṣe pọ̀ tó tó ń bá ìtọ̀, ìgbẹ́ àti irun jáde, níbo sì ni ìyókù ń sùn sí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sin eku.

Bí ẹnì kan bá rò pé iṣẹ́ yẹn rọrùn, kò tíì kó ìgbẹ́ eku rí. Àwọ̀n irin ni ilẹ̀ àgò eku kọ̀ọ̀kan, àrọ dígí wà lábẹ́ rẹ̀. Ìtọ̀ á rọra tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ àrọ náà lọ sínú ìgò kan, ìgbẹ́ á ta sínú ìgò kejì. Abọ́ oúnjẹ gbọ́dọ̀ jìnnà díẹ̀, nítorí bí ẹ̀rúnrún oúnjẹ tó ní kẹ́míkà bá já bọ́ sínú ìgbẹ́, yóò dà bíi pé ara ẹran ló tú u jáde, a ó sì máa fi irọ́ ṣírò. Ìyá Eku ló mọ bí a ṣe ń gbé abọ́ náà tí ìyẹ̀fun rẹ̀ kò fi ní mì. Bó ṣe ń mú eku ni ìyá tó mọṣẹ́ ṣe ń gbé ọmọ àná, àtẹ́lẹwọ́ lábẹ́, àtàǹpàkò lẹ́yìn èjìká. Kò sí èyí tó bù ú jẹ rí.

Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìyàwó wá síbẹ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, yàrá wọn kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló wà láàárín. Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé ilé ọkọ tí kò rí iṣẹ́, Ìyá Eku lọ bẹ Dókítà nítorí rẹ̀. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́, bí a ṣe ń fi aṣọ nu àrọ, bí a ṣe ń mọ̀ pé ara ẹran kan kò yá kó tó wó lulẹ̀. Ó sì kọ́ ọ ní ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun, tí ojú ara rẹ̀ nìkan fi hàn án.

“Wo ìgò ìgbẹ́ àwọn aboyún wọ̀nyí,” ó wí fún un lọ́jọ́ kan. “Wo bó ṣe kún ju ti àwọn tí kò lóyún lọ. Ara aboyún kì í gba ìgbàkugbà, ìyàwó. Ńṣe ló ń ti nǹkan burúkú náà jáde.”

Ìyàwó mi orí. Àlàyé náà dára létí, ó sì bá ohun tí ojú ń rí mu.

Ọmọbìnrin náà yára. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ń ká nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tó wà lára òṣùwọ̀n tuntun láìtẹ̀ríba. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú “Ìyàwó dà?” lẹ́nu. Nígbà kan, “Ìyá Eku dà?” ló máa ń béèrè. Ìyá Eku gbọ́ ìyàtọ̀ náà láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, kò sì sí àárọ̀ kan tí kò tún gbọ́ ọ. Kò pẹ́ tí Dókítà fi pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo làálàá rẹ̀, ó ní ojú ń di ti àgbà, pé kó gbé kọ́kọ́rọ́ Yàrá Aboyún fún ìyàwó, kó wá máa bójú tó àwọn akọ, nítorí iṣẹ́ tibẹ̀ fúyẹ́.

“Kí ni mo fẹ́ fi akọ ṣe?” Ìyá Eku bi í. Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Òun kò ṣe àwàdà.

Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ti Ìyá Eku yàtọ̀, ńṣe ló ń sanra, nítorí nígbàkigbà tí owú bá gbé e, oúnjẹ ló máa ń wá lọ. Á jókòó ti abọ́ nínú yàrá rẹ̀, á máa gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó láti òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀ nígbà tó bá ń pọn omi ìwẹ̀ fún aya rẹ̀. Ọkọ tirẹ̀, káfíńtà tí kì í pariwo, náà ń pọn omi fún un láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n omi tiwọn kò dún tó bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀. Níbi iṣẹ́, ó máa ń yọjú wo ojú dígí Yàrá Aboyún, ó ń wá àṣìṣe. Ìgbà tí kò rí àṣìṣe ló ń dùn ún jù.

Bó ṣe mọ ohun tó tún ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó kò ṣeé sọ níwájú àlejò. Eku tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, ìgò omi rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sọ ọ́, nítorí yóò máa gbẹ kíákíá. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi imú ti oúnjẹ tó ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgò omi kiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ibi tó ń jókòó sí bí wọ́n bá ṣí àpò oúnjẹ ẹran. Ó tú okùn ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tún un so sókè díẹ̀. Ìyá Eku ti mọ̀ pé ó lóyún kí àbúrò ọkọ rẹ̀ tó mọ̀.

Ìyàwó kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Wọn kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí yàrá. Wọ́n ní ó di ìgbà tí Dókítà bá parí ìròyìn iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ó lóyún, ọjọ́ náà ni yóò jáde, kọ́kọ́rọ́ á sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ti mú un tẹ́lẹ̀. Ìyá Eku mọ èyí dáadáa. Ẹnì kan ṣoṣo ló gba kọ́kọ́rọ́, ẹnì kan náà ló tún gba oyún. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu bíi súìtì, kò rún un, kò tu ú, ó kàn ń jẹ adùn rẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan.

Nígbà tó yá, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó bá ìyàwó níbi tí wọ́n ti ń fọ ìgò, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

“Ìyàwó, o lóyún.”

Ọmọbìnrin náà kò pa ẹ̀rọ omi. “Ta ló sọ fún yín?”

“Ta ni yóò sọ fún mi? Iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́?”

Ìyàwó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ó ní kí ìyáálé òun jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí wọ́n fìdí òun múlẹ̀ ná, òun fúnra òun á sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ìyá Eku béèrè pé ìkìlọ̀ ara ilẹ̀kùn ńkọ́.

“Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi pé ara aboyún ń tì í jáde ni?” ìyàwó wí. “Mò ń bo imú, mò ń bo ọwọ́. Kí ló tún kù?”

Ìyá Eku tẹjú mọ́ ikùn rẹ̀. Ìwò náà ba ìyàwó lẹ́rù, ó sì sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. “Bí ẹ bá sì lọ sọ ọ́, gbogbo ilé ni yóò mọ ìdí tí ẹ fi sọ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dí i lẹ́nu, nítorí òótọ́ ni. Kò sí bí yóò ṣe la ẹnu rẹ̀ tí òórùn owú kò ní ti ibẹ̀ jáde. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn akọ rẹ̀, ó ń fọ àgò wọn bí ẹni tó ń fìyà jẹ irin.

Ọjọ́ tí Dókítà pe gbogbo wọn jọ láti ṣàlàyé ibi tí iṣẹ́ dé, ìyàwó kò wá. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ìyá Eku jókòó lẹ́yìn pátápátá. Dókítà sọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tó ń gbálẹ̀ náà lè gbọ́. Ó ní bí kẹ́míkà náà bá ti dé ìfun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ara máa ń fà sínú ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ lọ. Ìgbẹ́ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, nítorí apá kan tó ti dénú ìfun láti jáde ni ìfun tún ń fà padà. Irun náà ń mú díẹ̀ lọ.

Ẹnì kan béèrè nípa ìgò àwọn aboyún tó máa ń kún. Dókítà ní òótọ́ ni, ìgbẹ́ wọn pọ̀, nítorí oúnjẹ wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀, kò ju ti àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí mọ́ ju ti àwọn abo tí kò lóyún lọ. Ọkùnrin tó ń tọ́jú àpò oúnjẹ ní, ó dára bẹ́ẹ̀, oyún ń gba ìyá sílẹ̀ nìyẹn.

“Ó ń gba ìyá sílẹ̀ díẹ̀,” Dókítà wí. “Ẹ wá bi mí níbi tí ìyókù lọ. A yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ inú wọn wò. Tiwọn ju ti ìyá wọn lọ. Ó sì ti dé ọpọlọ wọn. Olóbì, ìyẹn ibi ọmọ, tí a rò pé yóò dá a dúró, òun ló ṣílẹ̀kùn fún un.”

Ìyá Eku wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lójú rẹ̀, ó rí àwọn ìgò tó kún, ó rí ara rẹ̀ níbi tó ti ń nàka sí wọn.

Nígbà tó délé, ìyá ọkọ wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó ń rán ẹ̀wù kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Wọ́n ti sọ fún màmá. Ó na ẹ̀wù náà sókè kí Ìyá Eku lè rí i, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹnì kan ṣáà fẹ́ fún òun ní nǹkan gbé. Bóyá kò ní i lọ́kàn láti fi gún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó gún un wọra. Ìyá Eku kí i kú iṣẹ́, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Níbẹ̀ ni owú ti bá a jókòó bí àlejò tó mọ ilé. Ó rán an létí pé ìyàwó kò sí níbẹ̀ nígbà tí Dókítà sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn akọ ni wọ́n ní kí Ìyá Eku máa wà, kí ló kàn án nípa Yàrá Aboyún? Ó rántí òwe tó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ó sì dá a lóhùn nínú ara rẹ̀ pé ta ló pe òun wá sí ọjà náà. Ó gbé oúnjẹ wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò lè jẹ ẹ́.

Ọkọ rẹ̀ bi í léèrè ohun tó ṣe é, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Káfíńtà náà ní kó fi í sílẹ̀, nítorí wọn á ní owú ni.

“Owú kúkú ni,” Ìyá Eku dá a lóhùn. “Ṣùgbọ́n ọmọ inú rẹ̀ kọ́ ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.”

Ó dìde, ó kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Ó sọ fún ìyàwó ohun tí Dókítà wí, láti orí ìfun títí dé olóbì, bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ìyàwó fetí sílẹ̀, ó dì mọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Eku parí, ó ní òun kò mọ èyí tí òun yóò gbà gbọ́: ẹnu tó sọ pé ó ń jáde lánàá ló tún ń sọ pé kò jáde lónìí. Ó ní ìyáálé òun ṣáà fẹ́ yàrá rẹ̀ padà ni. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní “ẹ má bínú” síwájú àti sẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Eku ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kí Dókítà tó dé. Kò jẹ́ kí ìkíni parí.

“Ìyàwó wa lóyún. Mi ò fẹ́ kó tún wọ yàrá yẹn mọ́. Bí wọ́n bá bi yín ẹni tó sọ, ẹ ní èmi ni. Bí wọ́n bá ní owú ló mú mi sọ ọ́, ẹ má bá wọn jiyàn.”

Dókítà fi ẹ̀rọ̀ bi í bóyá ó fẹ́ jókòó. Ó ní rárá, àwọn akọ òun kò tíì jẹun.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìyàwó ti jáde kúrò ní Yàrá Aboyún. Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ gé irun díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, nítorí irun èèyàn náà kì í gbàgbé. Nígbà tí èsì dé, kẹ́míkà náà wà níbẹ̀, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ju ti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù tí wọ́n ti yẹ̀ wò lọ. Wọ́n ní bó ṣe kúrò lásìkò yẹn dára, ara yóò máa tú u dànù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi í sí ọ́fíìsì iwájú, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Kọ́kọ́rọ́ padà sọ́dọ̀ Ìyá Eku gẹ́gẹ́ bí gbogbo ilé ṣe sọ pé yóò rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ kí ìyàwó, wọ́n ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ń kó èso fún un. Kò sí ẹni tó yà sí Yàrá Aboyún. Èyí náà tún mú Ìyá Eku jowú, ó sì mọ̀ pé kò bójú mu, síbẹ̀ ó jowú.

Nínú ilé, ìyá ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìkíni rẹ̀ lóhùn láìgbé orí sókè. Ìyàwó kò bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi bímọ. Obìnrin ni ọmọ náà, ó tẹ̀wọ̀n, igbe rẹ̀ ń wọnú ògiri. Kò sí ẹni tó lè sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí i bí ìyá rẹ̀ bá dúró nínú yàrá yẹn, nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí. Ìyá Eku náà kò jẹ́rìí sí i. Ó máa ń tẹ́tí sí igbe náà láti inú yàrá rẹ̀, ó máa ń fẹ́ kó dákẹ́, bó bá sì dákẹ́ jù, á dìde lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń sá aṣọ, ìyàwó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ọmọ tó fi kọ́ okùn.

“Dókítà ní kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.”

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ dúpẹ́?”

“Kò tíì yá.”

“Má wulẹ̀ kánjú,” ni Ìyá Eku wí, ó sì fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí kò fi kán omi mọ́.

Iṣẹ́ orí kẹ́míkà náà ti parí, wọ́n sì ti kó àwọn eku kúrò. Ìyá Eku wà ní ilé ehoro báyìí, ní òdìkejì ọgbà, àárọ̀ nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́, nítorí ojú rẹ̀ ti di ti àgbà lóòótọ́.